Ohun Tí Ó Ti Mọ́ni Lára: Ìdí Tí Àwọn Alò-Kọ̀ǹpútà Fi Ń Lọ́ra Láti Pààrọ̀ Ètò Adarí

Bí ènìyàn bá gba ìhà ọjà Odò-Orí kọjá ní ìlú Ìwó ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò rí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí a ti ń tẹ̀wé. Inú wọn kì í gbà ju tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan tàbí méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé. Ẹni tí ó fẹ́ kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ a wá síbẹ̀. Olùkọ́ tí ó fẹ́ tẹ ìbéèrè ìdánwò a wá síbẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìwé ìpè sí ìgbéyàwó tàbí sí ìnáwó òkú kò sì gbẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí sábà máa ń jẹ́ tòkunbọ̀, èyí tí ẹlòmíràn ti lò ní ilẹ̀ òkèèrè kí ó tó gba Ìkẹjà ní Èkó dé Ìwó.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft fi òpin sí ìtọ́jú tí ó ń ṣe fún Windows 10, ètò tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò tuntun kan nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìtọ́jú kò ní rí ẹni bá a dí i. Windows 11, tí ó jáde ní ọdún 2021, ni Microsoft ní kí àwọn ènìyàn bọ́ sí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí kò tíì pẹ́ láyé ni ó ń béèrè, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni kò sì kún ojú òṣùwọ̀n náà. Ọ̀nà mìíràn wà. Linux ń bẹ, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè ṣiṣẹ́ dáradára lórí kọ̀ǹpútà tí ó ti gbó. Síbẹ̀, bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Bowen, ní Ìwó níbẹ̀, bá fi Linux lọ obìnrin tí ó ni ṣọ́ọ̀bù, ìdáhùn tí yóò gbà kò ní ṣòroó mọ̀: “O ṣeun, ọmọ mi. Fi èyí tí mo mọ̀ sílẹ̀ fún mi.”

Àwọn tí ó gbọ́n nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà a máa ka irú ìdáhùn yìí sí ọ̀lẹ tàbí àìmọ̀kan. Wọn a ní nǹkan tuntun ń ba ará ìlú lẹ́rù. Ṣùgbọ́n bí a bá jókòó sí orí àga obìnrin náà, tí a sì wo ọ̀ràn náà láti ibẹ̀, a ó rí i pé ìṣirò ni ó ṣe, ìṣirò rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kùnà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ètò adarí jẹ́. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni. Àárín òun àti ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀ ni ètò adarí wà, gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀ ṣe ń dúró láàárín ọba àti àlejò. Òun ni ó ń gba ohun tí ọwọ́ bá tẹ̀, tí ó ń fi ìwé pamọ́, tí ó ń ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí ó sì ń pín agbára ẹ̀rọ fún àwọn ètò mìíràn tí a fi ń kọ̀wé, tí a fi ń ṣírò, tí a sì fi ń ya àwòrán. Windows jẹ́ ti Microsoft. MacOS jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Apple. Ará Amẹ́ríkà sì ni àwọn méjèèjì. Linux ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 lọ́wọ́ Linus Torvalds, nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè mú un, kí ó wo inú rẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fi fún ẹlòmíràn. Ọ̀kan nínú oríṣi rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ ni Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, gbé jáde ní ọdún 2004. Bí a bá yọ ètò adarí kan kúrò tí a fi òmíràn sí i, ojú kọ̀ǹpútà kò yí padà, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ tuntun ni ó wọlé, ìṣe rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti èyí tí ó lọ.

A kò sì lè sọ pé Linux gan-an ni obìnrin náà ń bẹ̀rù. Bí fóònù tí ó wà nínú àpò rẹ̀ bá jẹ́ Android, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà, Linux ni ó wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ó ń fi í pe àwọn tí ń ta bébà fún un, ó ń fi í gba owó, ó ń fi í wo àwòrán ọmọ-ọmọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ní láti rọ̀ ọ́ kí ó tó gbà á. Bákan náà ni ọ̀ràn Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ rí. Ní ọdún 2013, ní àkókò Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ẹ̀rọ àfọwọ́gbé kékeré yìí jáde fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà, ó kó àwọn ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí i nínú, orí Android ni ó sì ń ṣiṣẹ́. Àwọn aláríwísí sọ̀rọ̀ nípa owó rẹ̀ àti nípa bí yóò ti pẹ́ tó, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ pé ọmọ kan dá a padà nítorí pé kì í ṣe Windows. Àwọn ọmọ náà kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ tí wọn yóò jù nù kí wọ́n tó lè gbà á. Obìnrin tí ó wà ní Odò-Orí ní.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ní ni ìmọ̀ tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ti ń tẹ̀wé fún ọdún mẹ́wàá kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kí ó tó ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe. Ọwọ́ ti mọ ibi tí a ń tẹ̀ kí lẹ́tà àkọlé lè dúdú ju ìyókù lọ, ibi tí a ti ń sọ fún ẹ̀rọ pé ẹ̀dà ogójì ni kí ó tẹ̀, àti ibi tí ìwé oníbàárà tí ó wá ní oṣù tó kọjá wà. Ó dà bí ẹni tí ó dìde lóru nínú ilé ara rẹ̀, tí kò tan iná, tí kò sì kọlu òpó. Gbé onítọ̀hún lọ sí ilé mìíràn, kódà bí ilé náà bá sàn ju tirẹ̀ lọ, yóò máa fọwọ́ wá ògiri kiri. Oníbàárà tí ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní sùúrù fún un, jẹnẹrétọ̀ tí ń mu epo níta kò sì dúró dè é.

Ẹ̀rí irú ìmọ̀ ọwọ́ yìí wà lójú pátákó ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀. Bí a ti to àwọn lẹ́tà Q, W, E, R, T, Y síbẹ̀ ti wà láti ìgbà táípráítà Remington ti ọdún 1874, tí Christopher Sholes ará Amẹ́ríkà ṣe. Ní ọdún 1936, August Dvorak gba ìwé-àṣẹ fún ọ̀nà mìíràn tí ó ní yóò yára jù, kò sì lè lé èyí àkọ́kọ́ kúrò títí di òní. Ó ṣeé rẹ́rìn-ín fún ẹni tí ń kọ Yorùbá pé Q, tí èdè wa kò ní ohun kan tí ó ń fi í ṣe, ni ó jókòó sí orí ìlà bí olóyè, nígbà tí ẹ, ọ àti ṣ kò rí àyè kankan. Àwọn akọ̀wé àtijọ́ a tẹ ìwé Yorùbá tán lórí táípráítà, wọn a wá mú kálàmù, wọn a máa fi ọwọ́ sàmì sábẹ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fara mọ́ ọn, nítorí pé àtúntò pátákó náà yóò pọ̀ jù ú lọ.

Ohun kejì ni ìwé tí ó ti wà nílẹ̀. Ìwé ìdánwò ọdún méje, ìwé ìpè tí a óò yí orúkọ inú rẹ̀ padà fún ẹlòmíràn, àkọsílẹ̀ orúkọ ẹgbẹ́ àti ti ìdílé, gbogbo rẹ̀ ni a fi Microsoft Word tàbí CorelDRAW ṣe. Kò sí ẹ̀dà Word fún Linux. Ilé-iṣẹ́ Corel ṣe ẹ̀dà CorelDRAW kan fún Linux ní ọdún 2000, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi jáwọ́ nínú rẹ̀. LibreOffice, tí a fi ń kọ̀wé lórí Linux, lè ṣí ìwé tí a fi Word kọ, a ó sì rí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ibi tí ìjọ̀ngbọ̀n wà ni ìtò: ìlà a máa sún, tábìlì a máa fẹ̀ kọjá etí ìwé, ìbéèrè karùn-ún tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ewé kìn-ín-ní a bọ́ sí òkè ewé kejì. Lójú ọ̀mọ̀wé kọ̀ǹpútà, ọ̀ràn kékeré ni. Lójú olùkọ́ tí ìdánwò rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án, kì í ṣe kékeré rárá.

Àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà kọ Yorùbá ti jẹ nínú ìyà yìí ju ẹlòmíràn lọ, ó sì tọ́ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Kí ìlànà Unicode tó gbilẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ní láti wá fọ́ǹtì àkànṣe, nínú èyí tí a ti fi ẹ tàbí ọ́ rọ́pò àmì mìíràn tí ẹnìkan kò sábà lò. Lórí kọ̀ǹpútà tí fọ́ǹtì náà bá wà, ìwé a dára bí ìwé títẹ̀. Ẹ gbé ìwé yẹn lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní in, àmì owó òyìnbó àti àmì ìbéèrè ni yóò máa yọ láàárín ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ti bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn báyìí, kì í sì í ṣe pé olè kó o. Ó wà níbẹ̀, a kò kàn lè kà á mọ́ ni. Unicode ti mú ọ̀ràn náà rọrùn, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀, nítorí pé ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn nínú rẹ̀, nígbà tí ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe ni a ń gbé àmì ohùn lé orí lẹ́tà, bí fọ́ǹtì kò bá sì dára, àmì náà a yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Linux ní ìlànà ìtẹ̀wé Yorùbá nínú, Windows náà ní. Síbẹ̀ ẹni tí ó ti padà bá ìwé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, tí kò sì lè kà á, a kò lè bínú sí i bí ó bá ń fi ìfura wo gbogbo ẹni tí ó bá ní kí ó kó ẹrù.

Ohun kẹta, tí ó lè jẹ́ èyí tí ó wúwo jù lọ, ni àwọn ènìyàn tí ó yí i ká. Bí Windows bá ṣàìsàn ní Ìwó, kì í pẹ́ kí a tó rí ẹnjiníà tí yóò wò ó sàn. Aládùúgbò mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mọ díẹ̀. Ẹni tí ó ta kọ̀ǹpútà náà mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ó mọ Linux wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n inú ọgbà yunifásítì ni ọ̀pọ̀ wọn wà, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi Linux sínú kọ̀ǹpútà lónìí yóò gba oyè rẹ̀ lọ́la, yóò di àgùnbánirọ̀, wọn yóò sì rán an lọ sí Sókótó tàbí Kàlàbá. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá wá kọ̀ láti gbọ́ràn ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ta ni obìnrin náà yóò ké sí? Ẹni tí ó ń yin ètò tuntun fún un kò sábà dáhùn ìbéèrè yìí, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ìbéèrè tí ó ń bi ara rẹ̀.

Ní ti owó, àwọn olólùfẹ́ Linux gbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ nìkan tó láti fa àwọn ènìyàn mọ́ra. Ní Ìwó àti ní ìlú mìíràn bí i rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò rinlẹ̀. Owó Windows ti wà nínú owó tí a fi ra kọ̀ǹpútà, a kò sì rí i sọ́tọ̀. Bí ó bá sì bàjẹ́, àwọn ẹnjiníà kan wà tí wọn yóò tún òmíràn fi sí i fún owó díẹ̀, tí ìwé-àṣẹ kò ní wọ inú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ọ̀fẹ́ kò lè dùn létí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń sanwó. Dátà tí a óò fi gba Ubuntu wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó ju gígábáìtì márùn-ún lọ, ni ó hàn sí i kedere.

Ilẹ̀ Nàìjíríà ti rí ìgbà tí gbogbo ènìyàn pààrọ̀ ohun tí ó ti mọ́ wọn lára láìpẹ́ láìjìnnà. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo awakọ̀ ní ilẹ̀ yìí fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀, wọ́n sì bọ́ sí apá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí wa ká ti ń ṣe. Kò sí awakọ̀ tí ó lè ní òun yóò dúró sí ibi tí òun mọ̀, nítorí pé ikú ni. Gbogbo ènìyàn ṣí ní ọjọ́ kan, ẹnìkan kò sì dá nìkan lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ wọlé, tí pọ́n-ùn àti ṣílè sì jáde. Owó tuntun dé ọwọ́, ṣùgbọ́n ahọ́n kò tètè tẹ̀lé e: àwọn ìyá ọjà ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè kan, wọ́n ń pe náírà kan ní ṣílè mẹ́wàá, fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ètò adarí kọ̀ǹpútà kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ tirẹ̀, òun nìkan ni ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Gbogbo ọkọ̀ yòókù ń bọ̀ ní apá òsì.

Àwọn olùkọ́ Yorùbá kò ní láti rìn jìnnà kí wọ́n tó rí àpẹẹrẹ. Ìgbìmọ̀ tí a gbé kalẹ̀ ní ọdún 1966 lórí àkọtọ́ èdè Yorùbá jíṣẹ́, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní ọdún 1974. “Enia” di “ènìyàn”, “aiye” di “ayé”, “nwọn” di “wọ́n”. Ní ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí aláyẹ̀wò wà, àyípadà náà múlẹ̀. Ní ilé ìsìn, Bíbélì tí a fi àkọtọ́ àtijọ́ tẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìjọ, wọ́n sì ń kà á geere. Offa kò fi f kan sílẹ̀ nínú f méjì rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pe àwọn wọ̀nyí ní ọ̀lẹ.

Kì í sì í ṣe àwọn ẹni kékeré nìkan ni ọ̀ràn náà ń dà láàmú. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé gba iṣẹ́ láti fi Linux sínú kọ̀ǹpútà kékeré 17,000 fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀, François Bancilhon, fi kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, ó ní wọ́n fẹ́ fi Windows rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti ra ti Mandriva. Ariwo náà kárí ayé. Ohun tí àwọn méjèèjì ń jà lé lórí ni pé ètò tí ọmọdé bá kọ́kọ́ bá pàdé ni ọwọ́ rẹ̀ yóò mọ̀. Ní Jámánì, ìgbìmọ̀ ìlú Munich pinnu ní ọdún 2003 láti kó sí Linux, nígbà tí ó fi di ọdún 2013 nǹkan bí 15,000 kọ̀ǹpútà ti ṣí. Ní ọdún 2017 wọ́n dìbò láti padà sí Windows. Ara ẹ̀sùn tí àwọn òṣìṣẹ́ ń mú wá ni pé ìwé tí ó ń ti òde wá kò ṣí dáradára. Bí ìlú tí ó lówó tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì ní onímọ̀ tirẹ̀, bá lè padà sẹ́yìn, kò yẹ kí ẹnu ya ẹnikẹ́ni sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Odò-Orí.

Ṣùgbọ́n ìdúró lójú kan náà ní owó tirẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àrùn kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní WannaCry ti ìwé mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀, ó sì dí àwọn ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Microsoft ti tẹ àtúnṣe jáde ní oṣù kẹta ọdún náà; àwọn tí kò tíì gbà á ni àrùn náà pa lára. Kọ̀ǹpútà tí a kò tọ́jú mọ́ ni irú ìyọnu bẹ́ẹ̀ ń wá kiri. Obìnrin náà ń fi tirẹ̀ gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ọlọ́mọ, nígbà mìíràn nọ́ńbà àkántì ni. Nínú ìṣirò rẹ̀, apá yìí nìkan ni kò kà, nítorí pé kò rí i.

Àwọn tí ó ṣí láìsí wàhálà kì í ṣí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. LibreOffice àti Firefox ń ṣiṣẹ́ lórí Windows bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́ta lò wọ́n lórí kọ̀ǹpútà tí ó mọ̀, nígbà tí a bá wá pààrọ̀ ohun tí ó wà lábẹ́, ojú tí ó mọ̀ ni yóò ṣì máa rí. Ubuntu tún ṣeé ṣí láti orí fíláàṣì, láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, kí a lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Àwọn méjèèjì sì lè jọ gbé inú kọ̀ǹpútà kan náà, kí a máa yan èyí tí a fẹ́ ní òwúrọ̀. Ẹni tí ó bá mú ọ̀nà wọ̀nyí tọ obìnrin náà wá ní àsìkò ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì mú ẹnjiníà àdúgbò kan dání kí òun náà lè kọ́ ọ, yóò rí i pé etí rẹ̀ kò di.

Èyí kì í sábà ṣẹlẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn kì í pààrọ̀ ètò adarí láyé wọn; kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pààrọ̀. Èyí àtijọ́ a kú, wọn a ra òmíràn, ohun tí wọ́n bá bá nínú rẹ̀ ni wọn yóò kọ́. Títí di ìgbà náà, kọ̀ǹpútà Odò-Orí ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìkéde a máa yọ lójú rẹ̀ pé ìtọ́jú ti parí. Obìnrin náà a tẹ̀ ẹ́ kúrò, a sì pe oníbàárà tí ó kàn.